Ère Ìdí Odán àti Òwú Àyọ̀ká

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pa, tí ó yẹ kí ó máa ya ènìyàn lẹ́nu, àmọ́ a ti pa á títí débi pé kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Òwe náà ni, "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi." Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ẹni tí ó wá síwájú òrìṣà kì í wá jà. Ńṣe ni yóò kúnlẹ̀, yóò sì tọrọ. Ta wá ni ẹni tí ó kọ́kọ́ dúró níwájú òrìṣà, tí ó sì sọ fún un lójúkojú pé bí kò bá lè ṣe òun lóore, kí ó fi òun sílẹ̀ bí ó ṣe bá òun? Kí ni òrìṣà náà fi ṣe é? Àwọn kan ní ọ̀mùtí ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ahunṣọ ni, omi lásán ni ó sì mu lọ́jọ́ tí ó sọ ọ́.

Ní ìlú Ìlamọ̀, àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Ìdí Odán. Igi odán mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn gbìn tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀ka wọn sì ti so kọ́ra débi pé oòrùn ọ̀sán kì í rí ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ náà gùn, ó tẹ́jú, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni. Gbogbo àdúgbò ló ni ín. Àwọn arúgbó ọkùnrin ń ta ayò nídìí igi kìíní. Àwọn obìnrin ń ran òwú nídìí ìkejì. Láti ìdí ìkejì yìí dé ìdí ìkẹta ni àwọn ahunṣọ márùn-ún ń na òwú wọn sí.

Ẹni tí kò bá hunṣọ rí kò lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń gba ilẹ̀ tó. Òfì fúnra rẹ̀ kò tóbi; ẹnì kan ló ń jókòó sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú tí a fẹ́ hun, a ní láti nà án gbọọrọ síwájú ahunṣọ, kí ó gùn tó ilé mẹ́ta tí a kọ́ tẹ̀lé ara wọn, kí a sì so ó mọ́ òkúta lápá ibi tí ó parí sí kí ó lè le. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun ún ni òkúta náà yóò máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwú náà gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Bí ohunkóhun bá ń fara kàn án, yóò já. Ó sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ibòji, nítorí òwú tí oòrùn bá gbẹ kì í pẹ́ já.

Àwọn ahunṣọ Ìdí Odán wá ní àṣà kan tí wọ́n fi ń yangàn. Bí ọjà bá ku ọ̀la, wọn yóò ká òwú wọn kúrò nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò kó òkúta jọ sídìí igi, wọn yóò sì gbá ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ilẹ̀ ẹlẹ́gbin ni í ba aṣọ funfun jẹ́. Bí o bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí gbogbo wọn ti kó aṣọ lọ tà, o ò ní rí nǹkan kan ju ilẹ̀ gbígbá àti ọ̀pá òfì mélòó kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìmọ́tótó yìí ni ó kó bá wọn.

Olóyè Òjẹ́wùmí ni olórí àdúgbò náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó lawọ́, ó fẹ́ràn àdúgbò rẹ̀, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, àdúgbò kejì wọn, ní òpó gbígbẹ́ mẹ́rin ní ojúde tiwọn, tí àlejò máa ń dúró wò. Bí wọ́n bá pàdé láàfin, olórí Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n a máa bi í pé, "Òjẹ́wùmí, bí a bá wá kí yín, kí ni a ó wò? Ewé odán?" Gbogbo ìjòyè a sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ń ta á lára ju bí ó ti yẹ lọ.

Nígbà tí kò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó ránṣẹ́ sí Ọnàyẹmí, agbẹ́gilére kan tí òkìkí rẹ̀ kàn láti ìlú mìíràn. Ọjọ́ ọjà ni Ọnàyẹmí dé. Olóyè mú un lọ wo ilẹ̀ náà. Ọnàyẹmí rìn yíká, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá dúró níwájú àwọn ọ̀pá òfì.

"Olóyè, kí ni wọ́n ń fi àwọn ọ̀pá yìí ṣe?"

Olóyè Òjẹ́wùmí wo àwọn ọ̀pá náà. Aṣọ tí ó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìdí àwọn ọ̀pá náà ni wọ́n ti hun ún. "Ó ní láti jẹ́ pé ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ wọn."

"Ṣé kí n dúró de àwọn ará àdúgbò, kí n bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó rí?"

"Bi wọ́n kẹ̀? Mo fẹ́ kí ó bá wọn lójijì ni. Ìwọ ṣá gbé e sí àárín gbùngbùn, níbi tí ilẹ̀ ti ṣófo yẹn."

Ọnàyẹmí fi òkúta kan ṣe àmì sí àárín gbùngbùn, ó sì padà lọ gbẹ́ ère.

Àárín gbùngbùn yìí gan-an ni òwú Àjàdí máa ń gbà kọjá. Àjàdí ni ó dàgbà jù nínú àwọn ahunṣọ márààrún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò dá pé, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Nígbà tí àìsàn ti dá obìnrin náà jókòó, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: ó ń ran òwú. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ran án, ó pa á láró nínú ìkòkò kan náà, ó dì í sínú agbọ̀n, ó ní kí Àjàdí fi hun ìró kan fún Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, lọ́jọ́ tí yóò bá ń lọ sílé ọkọ. Òwú náà tó ìró kan géérégé. Ìlà aṣọ mẹ́rìnlá ni yóò jáde nínú rẹ̀, tí wọn yóò rán pọ̀ di ìró. Kò ní ṣẹ́kù, kò sì ní dín.

Ọjọ́ ìyàwó Àwẹ̀ró ti wá ku oṣù kan ààbọ̀. Àjàdí ti na òwú náà, ó ti hun ìlà méjì, ó ká ìyókù nítorí ọjà bí àṣà wọn, ó gbálẹ̀, ó sì lọ sọ́jà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Olóyè ní kí wọ́n gbé ère dé.

Nígbà tí àwọn ahunṣọ máa fi padà dé, ère ti dúró. Ìrókò ni. Ó ga tó ènìyàn méjì, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tí ń kí èrò ọ̀nà. Wọ́n ti gbẹ́ ihò jíjìn, wọ́n ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi òkúta gún un le. A ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ère náà, ó dára. Àwọn ọmọdé ti ń yí i ká.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ahunṣọ márààrún lọ bá Olóyè.

"Ẹ kú àbọ̀ ọjà o," ni Olóyè wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí i?"

"A ti rí i, Olóyè. Ó dára," ni Àjàdí dáhùn. "Ṣùgbọ́n ojú òwú ni ó dúró sí."

"Ẹ sún òwú yín."

"Àwọn mẹ́rin yìí lè sún díẹ̀, Olóyè. Tèmi ló wà láàárín. Kò sí ibi tí n ó sún un sí."

Ẹ̀rín Olóyè lọ. Ó ti ń retí ìyìn láti àárọ̀, òwú ni wọ́n wá ń bá a sọ. Ó wá sọ ohun tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. "Àjàdí, kì í ṣe igi lásán lẹ rí níbẹ̀ yẹn o. Òrìṣà ni. Òrìṣà Ìdí Odán ni, yóò sì máa gbè yín. Ta ni yóò wá hú òrìṣà nítorí òwú?"

Títí di ìgbà tí ó fi la ẹnu yẹn, òun náà kò mọ̀ pé òrìṣà ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ti sọ ọ́, kò sì lè kó o jẹ mọ́. Ó kúkú fi kún un: ó ní lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, gbogbo ará àdúgbò yóò péjọ níwájú òrìṣà náà, kí olúkúlùkù wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ń fẹ́.

Àjàdí padà sídìí òfì. Ó gbìyànjú kí òwú gba ẹ̀gbẹ́ ikùn ère kọjá. Igi ń ha òwú, òwú ń já. Ó ká a, ó gbé e lọ síwájú ilé rẹ̀, níbi tí kò sí ibòji. Ọjọ́ méjì ni oòrùn fi gbẹ ẹ́, tí òwú ń já bó ṣe ń fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹta, ewúrẹ́ kan àti ọmọ rẹ̀ méjì gba àárín òwú náà kọjá bí ẹni pé ọ̀nà oko ni. Kí Àwẹ̀ró tó sáré jáde pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n ti fi pátákò fa púpọ̀ nínú rẹ̀ já. Èèyàn lè so òwú tí ó já, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwú tó kún fún kókó kò ṣeé hun. Àwẹ̀ró ṣa àwọn tó ti bàjẹ́ sínú igbá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wò ó, ó mọ iye rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ti lọ.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí a ra òwú kún un," ni Àwẹ̀ró wí.

"Òwú ta ni?"

Ọmọ náà gbé igbá náà wọlé. Àjàdí kò sunkún, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọ egungun. Ó ká èyí tí ó kù, ó dì í sínú agbọ̀n, kò sì fọwọ́ kan òfì mọ́ títí ọjọ́ tí Olóyè dá fi pé.

Ọjọ́ náà pé. Gbogbo Ìdí Odán jáde. Olóyè Òjẹ́wùmí jókòó lórí àga ní apá ọ̀tún ère, Ọnàyẹmí agbẹ́gilére jókòó ní apá òsì kí wọ́n lè fi ìyìn rẹ̀ fún un. Àwọn ènìyàn ń bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan tọrọ ọmọ. Ẹnì kan tọrọ kí ọkọ òun ti ìrìn àjò dé láyọ̀. Arúgbó kan tọrọ pé kí òun na ọ̀rẹ́ òun nínú ayò, kó tó kú. Olóyè ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó kan Àjàdí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé iwájú. Kò mú obì dání, igbá òwú jíjá ni ó gbé. Ó gbé e kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ère, ó gbójú sókè wò ó, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi."

Olóyè dìde lórí àga. "Àjàdí! Ta ni ò ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Òrìṣà ni mo ń bá sọ ọ́, Olóyè. Ẹ̀yin lẹ ní kí kálukú wá sọ ohun tí ó ń fẹ́. Ohun tí èmi ń fẹ́ nìyẹn."

Bí Olóyè bá ní igi lásán ni, a jẹ́ pé ó purọ́. Bí ó bá ní òrìṣà ni, a kì í na ẹni tó ń gbàdúrà. Ibi tí ó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Ìyá Olówùú, arúgbó tí ó dàgbà jù nínú àwọn aránwùú, ti bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìṣòro, ó ní, "Òrìṣà, èmi náà. Bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi." Ahunṣọ mìíràn bọ́ síwájú, ohun kan náà ni ó sọ. Ẹni tí ó tẹ̀lé e náà sọ ọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ti ń pa àwọn kan lẹ́yìn.

Ọnàyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ ọwọ́ mi fi ṣe yín?"

Àjàdí mú òwú kan nínú igbá, ó so orí rẹ̀ kan mọ́ ọ̀pá òfì rẹ̀, ó sì ń fà á lọ tààrà. Òwú náà lọ, ó lọ, ó fi orí sọ ikùn ère. Ó dúró síbẹ̀. Gbogbo ènìyàn rí i, títí kan Olóyè.

Ọnàyẹmí yíjú sí Olóyè. "Ẹ sọ fún mi pé ilẹ̀ náà ṣófo."

"Mo rí i pé ó ṣófo," ni Olóyè wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọjọ́ ọjà lẹ wá, Olóyè," ni Àjàdí wí. "Ilẹ̀ tí a gbá lẹ rí, kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣófo."

Ohun tí Olóyè Òjẹ́wùmí ṣe lẹ́yìn náà ni a fi ní kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó lórí gbòǹgbò odán láàárín àwọn ahunṣọ, ó sì béèrè pé, "Ó dáa. Níbo ni ẹ fẹ́ kí ó dúró?"

Wọn kò mọ̀ bóyá ìbéèrè ni tàbí pàkúté. Nígbà tí ó tún un bi wọ́n, gbogbo wọn la ẹnu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn aláyò ní kò gbọdọ̀ dúró nídìí igi kìíní, yóò dí atẹ́gùn lójú. Àwọn aránwùú ní bí ó bá dúró nídìí ìkejì, ojú ni àwọn àlejò yóò máa fi pa àwọn. Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú gbé e fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n. Olóyè kò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta ni Àwẹ̀ró sọ pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé kò lè dúró síbi tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnu ọ̀nà kan wà láàárín ògiri méjì, lẹ́yìn igi kẹta, ibẹ̀ ni gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ń gbà wá da òwú rú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ère bá dúró síbẹ̀, tí wọ́n fi igi dábùú láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ara ògiri ní ọ̀tún àti ní òsì, ènìyàn lè gba orí igi náà kọjá, ewúrẹ́ kò lè gbà á. Àlejò tí ó bá sì ń bọ̀ láti ojú títì, ère ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìyá Olówùú ní kí Ọnàyẹmí gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, kí arúgbó lè rí ibi jókòó. Àwọn ahunṣọ ní kí ó má fọwọ́ kan ọwọ́ tí ó nà sókè, àwọn yóò máa fi òwú kọ́ ọ. Ọnàyẹmí ní láti ìgbà tí òun ti ń gbẹ́gi, ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun rí ohun tí ère yóò máa ṣe. Bí yóò ṣe rí nìkan ni wọ́n máa ń sọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi hú u, kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wúlò. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n wá wò ó.

Ṣùgbọ́n ère lọ, òwú kò padà. Àjàdí jókòó sídìí òfì rẹ̀ ní ojú ibi àtijọ́, ó hun ún tọ̀sán tòru, ìlà mọ́kànlá ni ó sì jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn yóò bá a hun mẹ́ta kún un. Olóyè ní òun yóò ra odindi ìró tuntun. Àwẹ̀ró dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó gba ìró Olóyè, ó dì í sínú ẹrù. Ìlà mọ́kànlá yẹn ni ó ró mọ́ra lọ́jọ́ ìyàwó. Kò ká a yí. Bí ó bá ń rìn, ọwọ́ òsì ni ó fi ń di etí rẹ̀ mú kó má baà ṣí.

Kí ó tó jáde ní àdúgbò, ó kúnlẹ̀ níwájú Olóyè gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìyàwó ti ń ṣe. Olóyè gbé ọwọ́ lé e lórí. "Àwẹ̀ró, ilé ọkọ á tù ọ́ lára. Òrìṣà yóò máa gbè ọ́."

"Àmín o, bàbá," ni Àwẹ̀ró wí. "Bí kò bá sì lè gbè mí, kí ó ṣe mí bí ó ti bá mi."

Olóyè fẹ́ fèsì. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ọwọ́ òsì tí Àwẹ̀ró fi di ìró mú, ó sì rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, bí ó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun fún Ìdí Odán, ìbáà ṣe kànga, ìbáà ṣe ọ̀nà, kì í lọ wo ilẹ̀ lọ́jọ́ ọjà mọ́.

Ní ìlú ọkọ Àwẹ̀ró, àwọn obìnrin ilé bi í pé kí ló dé tí ìró ìyàwó tuntun kò ká a. Kò bá wọn ro ẹjọ́ gígùn. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ ni ó sọ fún wọn. Àwọn náà sọ ọ́ fún ọmọ wọn, ọmọ wọn sọ ọ́ kiri, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa láìsí ère, láìsí òwú, láìsí Àjàdí.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń ṣe lóore tí kò tọrọ, ẹ má ṣe pè é ní aláìmoore. Ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀ ná, bóyá ó ń di nǹkan mú. Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi.